Ọjọ́ Mẹ́rin ní Ìbàdàn fún Ẹni Tí Ó Fẹ́ Sinmi

Àwa Yorùbá mọ bí a ti ń kí ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́, a mọ bí a ti ń kí ẹni tí ó ń rìnrìn àjò, a sì mọ bí a ti ń kí ẹni tí ó jókòó jẹ́ẹ́, ṣùgbọ́n àwọn tí ó mọ bí a ti ń sinmi kò pọ̀ nínú wa. Bí ọ̀gá bá fún ènìyàn ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́nu iṣẹ́, òkú àgbà ni yóò fi ọ̀sẹ̀ kìíní sin, ìgbéyàwó ọmọ ọ̀rẹ́ ni yóò fi ọ̀sẹ̀ kejì jẹ. Ní ọjọ́ Ajé tí ó bá padà sẹ́nu iṣẹ́, ojú rẹ̀ yóò ti wú, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò ti wú, àpò rẹ̀ nìkan ni yóò ti joro.

Ìwé kan dé ọwọ́ mi láti ọ̀dọ̀ ìyá kan ní Èkó. Ó ní ọkọ òun ti lé ní ọgọ́ta ọdún, àti pé ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń bá a jà láti ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Àwọn ọmọ wọn dá owó jọ fún wọn pé kí àwọn méjèèjì lọ ṣe fàájì ọjọ́ mẹ́rin ní Ìbàdàn, kí wọ́n wo ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, kí wọ́n jẹ àmàlà gidi, kí wọ́n sì jókòó nínú ọgbà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń ba ìyá yìí. Nígbà tí wọ́n rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn, ibi púpọ̀ ni wọ́n sáré lọ nínú oòrùn, bàbá sì gbàgbé oògùn rẹ̀ sílé. Ní ọjọ́ kẹta òòyì kọ́ bàbá, ó ṣubú lulẹ̀, ilé ìwòsàn ni wọ́n sì ti lo ìyókù ìsinmi náà. Nísinsìnyí ìyá yìí to orúkọ ibi mẹ́rìnlá sínú ìwé rẹ̀, ó ní kí n sọ ọ̀nà tí wọn yóò gbà rí gbogbo rẹ̀ láìsí ewu.

Èsì mi kò gùn. Ẹ fagi lé mẹ́wàá nínú ibi mẹ́rìnlá náà. Ibi mẹ́rin tó fún ọjọ́ mẹ́rin. Nítorí pé ọ̀rọ̀ yìí kan ọ̀pọ̀ ènìyàn, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí rẹ̀, kí n sì sọ bí n óò ti to ọjọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí ó bá jẹ́ pé èmi ni mo ń mú bàbá náà lọ.

Ohun tí ìsinmi ń ṣe nínú ara

Nígbà tí ènìyàn bá ń kánjú, ọkàn rẹ̀ a máa lù kíkankíkan, àwọn iṣan tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá a sì fún pọ̀, ẹ̀jẹ̀ a wá máa ti ara iṣan wọ̀nyí pẹ̀lú agbára. Nígbà tí ó bá jókòó ní ìrọ̀rùn tàbí tí ó sùn dáadáa, agbára yìí a rọlẹ̀. Ara tí ó yè kooro lè fara da kìtàkìtà fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìfúnpá rẹ̀ ti ń wà ní 140 lórí 90 tàbí tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ ní gbogbo ìgbà, ẹrù ti wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kí ó tó gbé òmíràn kún un. Ohun tí ó sì burú nínú àrùn yìí ni pé kì í sábà dunni. Kì í kan ilẹ̀kùn kí ó tó wọlé.

Ẹ má gbọ́ mi ní àgbọ́yé pé mo ní kí bàbá dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn fún ọjọ́ mẹ́rin. Ìrìn dára fún ẹlẹ́jẹ̀ ríru. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó kéré tán, kí àgbàlagbà máa fi 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ ṣe eré ìdárayá tí kò le jù, irú bíi ìrìn tí ó yá díẹ̀. Bí a bá pín in sí ọjọ́ méje, ó lé díẹ̀ ní ogún ìṣẹ́jú lójúmọ́. Ìlú tí a fẹ̀sọ̀ rìn yóò fún bàbá ní èyí láìmọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí a fún ní oògùn ọ̀sẹ̀ kan, tí ó gbé gbogbo rẹ̀ mì lẹ́ẹ̀kan, kò lo oògùn mọ́, ó ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ ṣeré ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìrìn rí.

Nítorí náà òfin kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí wọ́n mú lọ sí Ìbàdàn: ohun kan láàárọ̀, oorun lọ́sàn-án, ọgbà tàbí ìjókòó jẹ́ẹ́ ní ìrọ̀lẹ́. Ohun gbogbo tí mo máa sọ lẹ́yìn èyí, abẹ́ òfin yìí ni ó wà.

Kí ẹ tó kúrò nílé

Ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ ìrìn àjò, kí bàbá lọ sọ́dọ̀ dókítà rẹ̀, kí wọ́n wọn ìfúnpá rẹ̀, kí ó sì sọ ibi tí ó ń lọ. Ẹ ka oògùn tí yóò tó ọjọ́ mẹ́rin, ẹ sì fi ti ọjọ́ mẹ́ta lé e, nítorí a kì í mọ ohun tí ó lè dá ọkọ̀ dúró. Inú àpò tí ẹ gbé lọ́wọ́ ni kí oògùn wà, kì í ṣe inú ẹrù tí ẹ jù sẹ́yìn ọkọ̀. Bí ẹ bá gbàgbé láti lo ti òwúrọ̀ kan, ẹ má ṣe lo méjì pọ̀ láti fi dí i.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ojú máa ń ti àwọn àgbàlagbà láti sọ. Àwọn kan nínú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru a máa mú ènìyàn tọ̀ léraléra, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì máa ń fi í sílẹ̀ ní ọjọ́ ìrìn àjò kí ìtọ̀ má baà gbọ̀n wọ́n lọ́nà. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ bi dókítà yín léèrè wákàtí tí ó yẹ kí ẹ lo ó ní ọjọ́ náà. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má ṣe fi òùngbẹ jẹ ara yín níyà nítorí ìtọ̀.

Bàtà tí ẹsẹ̀ ti mọ̀ ni kí ẹ wọ̀, ẹ fi bàtà tuntun sílé de ọdún. Ẹni tí ó ní ìtọ̀ ṣúgà kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré, nítorí pé bàtà lè bó o lẹ́sẹ̀ kí ó má mọ̀. Kí ó máa wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ àti àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ní alaalẹ́.

Ní ti ọkọ̀, láti ọdún 2021 ni rélùwéè tuntun ti ń gbé èrò láti Èkó lọ sí Ìbàdàn. Ìrìn náà tó kìlómítà 157, láti ibùdókọ̀ Mobolaji Johnson ní Èbúté Mẹ́ta dé ibùdókọ̀ Obafemi Awolowo ní Mọ́níyà. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún àgbàlagbà nítorí pé ó lè dìde, kí ó na ẹsẹ̀, kí ó sì lọ tọ̀. Ẹ béèrè àkókò tí ó ń lọ ṣáájú, kí ẹ sì ti ṣètò ọkọ̀ tí yóò gbé yín láti Mọ́níyà wọ àárín ìlú, nítorí pé ibẹ̀ jìnnà díẹ̀. Bí ó bá jẹ́ mọ́tò ni ẹ wọ̀, ẹ sọ fún awakọ̀ kí ó dúró lọ́nà, kí ẹ sọ̀kalẹ̀, kí ẹ rìn síwá sẹ́yìn. Ẹni tí ó bá jókòó sójú kan ju wákàtí mẹ́rin lọ, ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀, èyí kì í sì ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.

Ìgbà ẹ̀rùn, láti oṣù kọkànlá dé oṣù kejì, ni ó rọrùn jù fún ẹni tí ó fẹ́ jókòó nínú ọgbà. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí ó ní ásímà, tí èémí máa ń há mọ́ lọ́fun, sá fún ọjọ́ tí ọyẹ́ bá mú gan-an, nítorí eruku. Ní ti ọjọ́ inú ọ̀sẹ̀, ẹ mú ọjọ́ Ìṣẹ́gun sí ọjọ́ Ẹtì. Bí Àbámẹ́ta bá bọ́ sí i, aṣọ ẹbí yóò bá a wọlé. Ìmọ̀ràn kan tún rèé tí n óò sọ jẹ́jẹ́: ẹ má ṣe fi tó gbogbo ẹbí létí pé ẹ ń bọ̀ ní Ìbàdàn. Ẹ kí wọn lórí fóònù nígbà tí ẹ bá padà délé. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ilé àǹtí, ilé bùrọ̀dá àti ilé ìyá ọkọ ọmọ ni ẹ óò fi ọjọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yí ká.

Ọjọ́ kìíní: ẹ má ṣe nǹkan kan

Ní ọjọ́ tí ẹ bá dé, ẹ wọ ilé ìgbàlejò yín, ẹ wẹ̀, ẹ jẹun, ẹ sùn. Bí orúnkún bá ń dun bàbá, kí ẹ gba yàrá ìsàlẹ̀. Kí ẹ wò ó bóyá nẹ́ẹ̀tì wà lójú fèrèsé tàbí lórí ibùsùn, nítorí pé ẹ̀fọn Ìbàdàn kò mọ àlejò yàtọ̀ sí onílé. Nígbà tí oòrùn bá rọlẹ̀, ẹ gbé àga síta, kí ẹ máa wo àwọn tí ń kọjá. Iṣẹ́ ọjọ́ náà parí.

Ọjọ́ kejì: ilé ìṣẹ̀ǹbáyé láàárọ̀, Àgọ́dì ní ìrọ̀lẹ́

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba àpapọ̀ tí a ń pè ní Ilé Ìṣọ̀kan wà ní Alálùbọ́sà. Ẹ tètè dé ibẹ̀ láàárọ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá ti béèrè ọjọ́ àti wákàtí tí wọ́n ń ṣí i. Ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àwa Yorùbá wà níbẹ̀, ti àwọn ẹ̀yà mìíràn ní Nàìjíríà sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú: ère, ìkòkò amọ̀, ẹ̀kú eégún àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó máa ń yà lẹ́nu pé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé a máa rẹ àwọn ju ọjà lọ. Ìdí rẹ̀ nìyí. Nígbà tí a bá ń rìn, ẹran ojúgun wa a máa fún iṣan ẹ̀jẹ̀, a sì máa ti ẹ̀jẹ̀ padà sókè sínú ọkàn. Bí a bá dúró sójú kan, tí a ń wo ère fún ìgbà pípẹ́, ẹran yìí kì í ṣiṣẹ́. Ẹ̀jẹ̀ a ró sí ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ a wú, orí a sì fúyẹ́. Láàárín àgbàlagbà tí ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, irú ìdúró bẹ́ẹ̀ lè mú òòyì wá. Nítorí náà ẹ má ṣe wo ohun gbogbo. Ẹ yan bíi mẹ́wàá. Ẹ wo ọ̀kan, ẹ rìn díẹ̀, ẹ wá ibi jókòó, kí bàbá sọ ohun tí bàbá tirẹ̀ ń fi irú ohun bẹ́ẹ̀ ṣe nígbà tí ó wà ní ọmọdé. Ìtàn tí ó bá ti ẹnu rẹ̀ jáde yóò dára ju ohun tí a kọ sí ara ògiri lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò sì ti sinmi. Wákàtí kan ààbọ̀ ti tó. Kí agogo méjìlá tó lù, ẹ ti kúrò níbẹ̀.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ẹ sùn. Láti agogo méjìlá sí mẹ́rin, oòrùn ni ó ni ìgboro, ẹ jẹ́ kí ó gbà á.

Ní nǹkan bí agogo mẹ́rin ààbọ̀, ẹ lọ sí ọgbà Àgọ́dì. Ọdún 1967 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Nígbà tí odò Ògùnpa kún ya ìlú ní ọdún 1980, omi ba ọgbà náà jẹ́ pátápátá, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó tún un ṣe. Lónìí igi wà níbẹ̀, omi wà níbẹ̀, ààyè ìjókòó sì wà. Ẹ rìn fún ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ jókòó fún wákàtí kan. Ẹ wọ aṣọ alápá gígùn kí ilẹ̀ tó ṣú, nítorí ẹ̀fọn.

Ní ti oúnjẹ

Kò sí ẹni tí yóò dé Ìbàdàn tí kò ní jẹ àmàlà pẹ̀lú gbẹ̀gìrì àti ewédú, èmi kò sì ní kí bàbá má jẹ ẹ́. Ẹ̀wà ni a fi se gbẹ̀gìrì, ewé tútù ni ewédú, àwọn méjèèjì ṣe ara lóore. Ibi tí ewu wà ni ọbẹ̀ ata àti ohun tí ó bá a rìn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ má tó gíráàmù márùn-ún, èyí kò kún ṣíbí tíì kan. Iyọ̀ inú mágì náà wà nínú ìṣirò yìí. Nítorí náà kí bàbá sọ fún olóúnjẹ pé kí ó bu gbẹ̀gìrì àti ewédú dáadáa, kí ó sì fi ọbẹ̀ ata tọ́ ọ lójú lásán. Ẹran kan tàbí méjì tó, kí ọ̀rá má sì pọ̀ lára rẹ̀.

Ẹ̀yin onítọ̀ ṣúgà, mo ń bá yín sọ̀rọ̀. Àwọn kan gbàgbọ́ pé nítorí àmàlà dúdú, kò ní ṣúgà nínú. Iṣu ni èlùbọ́, iṣu a sì máa di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀. Òkèlè díẹ̀, ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ púpọ̀, ní àkókò tí ẹ ti máa ń jẹun: ọgbọ́n rẹ̀ nìyẹn. Bí ẹ bá ń gba abẹ́rẹ́ ínsúlínì, ẹ má jẹ́ kí ìgbafẹ́ mú yín gbàgbé oúnjẹ, kí ẹ sì fi ṣúgà díẹ̀ sápò.

Ọ̀sán ni kí ẹ jẹ oúnjẹ tí ó wúwo. Ní alẹ́, ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín tàbí èso tó. Bí ó bá jẹ́ àkókò àgbálùmọ̀, ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó jẹ ẹ́. Ẹ yan ilé oúnjẹ tí èrò pọ̀ sí, tí èéfín ń rú lórí ìkòkò. Gbẹ̀gìrì tí kò gbóná mọ́, ẹ má bá a ṣeré, kì í pẹ́ kan. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́, kì í ṣe omi inú abọ́ tí ẹni mẹ́rin ti fọwọ́ sí. Bí inú bá bẹ̀rẹ̀ sí ṣí, ẹ fi ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà àti ìlàjì ṣíbí tíì iyọ̀, kí wọ́n má rí gọngọ, sínú lítà kan omi mímọ́, kí ẹ máa mu ún díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí ó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti ìtọ̀ ṣúgà kò gbọdọ̀ dúró pẹ́ kí ó tó lọ rí dókítà.

Ọjọ́ kẹta: ọgbà Yunifásítì

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, ẹ lọ sí Yunifásítì Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1948. Ọgbà ẹranko wà níbẹ̀, ọgbà ewéko sì wà níbẹ̀. Àwọn ẹranko tí wọ́n kọ́kọ́ kó síbẹ̀, nítorí ẹ̀kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni, kí ó tó di ibi tí gbogbo ènìyàn ń wá wò. Òjìji pọ̀ níbẹ̀, ilẹ̀ sì tẹ́jú fún ẹsẹ̀ àgbà. Ẹ yan ọ̀kan nínú ọgbà méjèèjì bí ó bá rẹ̀ yín. Nígbà tí ẹ bá kúrò lọ́dọ̀ ẹranko, ẹ fọ ọwọ́.

Àwọn kan yóò ní kí ẹ ṣáà ti ibẹ̀ kọjá sí IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1967. Òótọ́ ni pé ibẹ̀ dára. Ilẹ̀ rẹ̀ tó ẹgbẹ̀rún kan hẹ́kítà, igbó tí wọn kò gé sì wà nínú rẹ̀, níbi tí ẹyẹ kékeré kan tí a fi orúkọ Ìbàdàn pè ń gbé. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ gba ààyè ṣáájú kí ẹ tó wọ ibẹ̀, ọjọ́ kan gbáko ni ó sì yẹ ẹ́. Ẹ fi í sílẹ̀ de ìrìn mìíràn. Ẹni tí ó bá rí ohun gbogbo tán lẹ́ẹ̀kan kò ní ìdí tí yóò fi padà wá.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo ní kí ẹ má lọ síbì kankan. Mo mọ̀ pé èyí ni yóò nira jù fún yín.

Ọjọ́ kẹrin: Màpó, kí ẹ tó padà

Kí oòrùn tó mú, ẹ gun orí òkè Màpó nínú ọkọ̀. Ọdún 1929 ni wọ́n ṣí gbọ̀ngàn tí ó wà níbẹ̀. Láti orí òkè náà ẹ óò rí òrùlé ilé láti apá kan dé ìkejì, ìlú tí ó bẹ̀rẹ̀ bí àgọ́ ológun ní nǹkan bí ọdún 1829. Ìyá inú ìwé fẹ́ kí wọ́n tún gun ilé ìṣọ́ Òkè Àrẹ̀mọ, tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1936, tí àwọn ará ìlú ń pè ní Láyípo nítorí àtẹ̀gùn inú rẹ̀ tí ó lọ́ yípo. Gíga rẹ̀ tó ọgọ́ta ẹsẹ̀ bàtà. Bàbá kò gbọdọ̀ dán an wò. Ẹnikẹ́ni tí èémí rẹ̀ ń já bí ó bá gun àtẹ̀gùn ilé alájà kan, ìsàlẹ̀ ni kí ó dúró. Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀, ilé alájà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí wọ́n parí ní ọdún 1965, ẹ lè rí i láti inú ọkọ̀ bí ẹ ti ń lọ.

Àmì tí kò gbọdọ̀ dúró di ọ̀la

Bí àyà bá ń dun ènìyàn tí ó ń fún un pọ̀, bí ẹnu rẹ̀ bá wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí apá tàbí ẹsẹ̀ kan bá kọ̀ tí kò gbé mọ́, bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ń lọ́, tàbí tí ó dákú, ẹ má ṣe fi epo pa á lára, ẹ má sì ṣe ní kí ó lọ sùn ún. Ilé ìwòsàn ńlá ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Ìbàdàn kò ṣaláìní rẹ̀. UCH ti ń gba aláìsàn níbẹ̀ láti ọdún 1957. Kí ìyá ti kọ orúkọ oògùn bàbá sínú ìwé pélébé kan, kí ó wà nínú pọ́ọ̀sì rẹ̀.

Ẹni tí kò ní ọmọ tí yóò dá owó jọ fún un lè ṣe irú ìsinmi yìí nínú ìlú tirẹ̀. Kò sí ìlú tí kò ní igi kan tí a lè jókòó sábẹ̀ rẹ̀, tàbí ààfin kan tí a kò tíì fara balẹ̀ wò rí. Ohun kan láàárọ̀, oorun lọ́sàn-án, ìjókòó jẹ́ẹ́ ní ìrọ̀lẹ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ara ènìyàn sì wà lára ohun tí à ń fẹ̀sọ̀ mú.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ o. N óò sọ̀rọ̀ lórí ojú àwọn àgbàlagbà àti bí a ti ń tọ́jú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní ìbéèrè, kí ó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa.